Bí A Ṣe Ń To Àmì sí Ojú Kọ̀ǹpútà Windows Kí Ó Má Baà Dàrú

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré tí mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta jọ ń lò. Ohunkóhun tí oníbàárà bá gbé wá, ìbáà jẹ́ ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó tàbí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ojú kọ̀ǹpútà náà ni a máa ń dà á sí, nítorí pé ibẹ̀ ló yá ọwọ́ wa jù. Kò pẹ́ tí àmì, ìyẹn àwòrán kéékèèké tí ó dúró fún fáìlì àti áàpù, fi bo gbogbo ojú rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Ní ọjọ́ kan, fáìlì méjì tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A ṣí èyí tí a kò tíì tún ọjọ́ ìsìn inú rẹ̀ ṣe, a sì ti tẹ ẹ̀dà 200 kí ọmọ olóògbé tó dé. Inú mi bàjẹ́ gidigidi bí ó ṣe ń ka ọjọ́ tí kò tọ̀nà náà lójú wa. Láti ìgbà náà ni mo ti ka títo ojú kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ gan-an, ohun tí mo sì kọ sísàlẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é lórí Windows 10 àti Windows 11.

Ojú kọ̀ǹpútà tí mò ń sọ ni gbàgede tí a máa ń rí nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn tán, tí a kò sì tíì ṣí áàpù kankan. Desktop ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó, orúkọ tí wọ́n yá láti ara tábìlì tí akọ̀wé ń jókòó tì. Star, ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Xerox gbé jáde ní ọdún 1981, ni ó kọ́kọ́ gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ wá sínú ọjà fún àwọn ọ́fíìsì: àwòrán kéékèèké dúró fún ìwé, fódà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tó ń lò ó sì lè gbé wọn kiri. Macintosh ti Apple tẹ̀lé e ní ọdún 1984, Windows 95 sì sọ ọ́ di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ láti ọdún 1995. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé tábìlì ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ní lọ́kàn. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ló ń gbé orí tábìlì. Èyí tí a ti parí yóò padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ sì máa ń mọ ibi tí nǹkan wà lórí tábìlì kí ojú tó ka orúkọ rẹ̀, bí ẹni tí ó ń dáná lóru ṣe ń na ọwọ́ sí ibi tí iyọ̀ wà láì tan iná. Àmì tí ó ń ṣí kiri kò lè jẹ́ kí ọwọ́ mọ ọ̀nà. Nítorí náà, gbogbo ohun tí a ó ṣe níhìn-ín, kí àmì lè dúró sí ojú kan ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àmì tí ẹ ní

Ẹ di bọ́tìnì tí ó ní àmì fèrèsé lórí kíbọ́ọ̀dù mú, kí ẹ sì tẹ D. Gbogbo ohun tí ẹ ṣí yóò wálẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà yóò sì hàn gbangba. Bí ẹ bá tún tẹ méjèèjì pọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò padà. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó wà níbẹ̀, nítorí pé irú mẹ́ta ni wọ́n.

Irú àkọ́kọ́ ni àwọn tí Windows fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀, bíi This PC àti Recycle Bin. Irú kejì ni shortcut, tí èmi máa ń pè ní àbùjá, nítorí pé ọ̀nà kúkúrú lásán ni, tí ó ń mú wa lọ sí ibi tí áàpù tàbí fáìlì wà ní tòótọ́. Ẹ ó rí ọfà kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì rẹ̀. Irú kẹta ni fáìlì àti fódà gan-an, tí kò ní ọfà, tí ó jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà náà ni ilé wọn.

Ó ṣe pàtàkì púpọ̀ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú kejì àti irú kẹta kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Bí ẹ bá pa àbùjá rẹ́, fáìlì tàbí áàpù tí ó ń tọ́ka sí ṣì wà níbi tó wà. Bí ẹ bá pa fáìlì gan-an rẹ́, inú Recycle Bin ni yóò lọ, ẹ sì lè gbé e padà láti ibẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fi Shift mọ́ Delete, nítorí pé èyí kì í gba Recycle Bin kọjá. Àṣìṣe yìí tún máa ń wáyé lódì kejì. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé fílásì dé láti wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, tí a ṣí fílásì náà tí a sì bá àbùjá nìkan nínú rẹ̀, nígbà tí fáìlì fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ẹ máa wo ọfà kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà sórí fílásì.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni pé fódà kan bí àwọn fódà yòókù ni ojú kọ̀ǹpútà. Inú C:\Users ni ó wà, lábẹ́ orúkọ tí ẹ fi ń wọlé, Desktop sì ni orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé nígbà tí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá ní òun fẹ́ fọ C, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí Windows wà, kí òun lè gbé Windows tuntun wọlé, gbogbo fáìlì tó wà lójú kọ̀ǹpútà yóò bá a lọ, bí ẹ kò bá ti kó wọn síbòmíràn. 

Kíkó ohun tó ti kún kúrò

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to àmì tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń tán ènìyàn ní sùúrù. Ẹ ṣí fódà Documents, kí ẹ dá fódà tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ òní sórúkọ rẹ̀, fún àpẹẹrẹ «Láti ojú kọ̀ǹpútà 2026-01-10». Ẹ padà sójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ Ctrl àti A láti yan gbogbo àmì, lẹ́yìn náà kí ẹ di Ctrl mú kí ẹ sì máa tẹ àwọn tí ẹ kò fẹ́ kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àṣàyàn kúrò lórí wọn: This PC, Recycle Bin, àbùjá àwọn áàpù tí ẹ ń lò, àti fáìlì iṣẹ́ tí ẹ kò tíì parí. Ẹ tẹ Ctrl àti X, ẹ padà sínú fódà tuntun náà, kí ẹ sì tẹ Ctrl àti V. Bí ohunkóhun bá ṣìnà, Ctrl àti Z yóò dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Mo ní ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó ń lo CorelDRAW, áàpù tí a fi ń ya àwòrán, tàbí Excel. Bí iṣẹ́ yín bá so mọ́ àwòrán tàbí tábìlì ìṣirò mìíràn tó wà lójú kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá gbé èyí tí a so mọ́ náà kúrò, iṣẹ́ yín kò ní rí i mọ́ nígbà tí ẹ bá ṣí i. Inú fódà kan náà ni kí ẹ kó iṣẹ́ àti àwọn àwòrán rẹ̀ sí, kí ẹ sì ṣí i wò ní ibùgbé tuntun rẹ̀ kí oníbàárà tó dé.

Nígbà mìíràn, Windows yóò béèrè fún àṣẹ alábòójútó kí ẹ tó lè pa àmì kan rẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé inú C:\Users\Public\Desktop ni àmì náà wà, fódà tí gbogbo ẹni tó ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà jọ ń rí. Ẹ rántí pé bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ fún gbogbo wọn nìyẹn.

Ohun méjì inú View tí ó ń pinnu gbogbo rẹ̀

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi tí ó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà. Mẹ́nù kan yóò jáde. Ẹ lọ sórí View. Ẹ ó rí Large icons, Medium icons àti Small icons lókè, tí ó ń sọ bí àmì yóò ṣe tóbi tó, ẹ ó sì rí àwọn mẹ́ta mìíràn nísàlẹ̀: Auto arrange icons, Align icons to grid, àti Show desktop icons. Ohun tí ó ní àmì máàkì níwájú ni ó ń ṣiṣẹ́.

Auto arrange icons ni ó ń fa ẹ̀hónú tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí mò ń kọ́, pé àwọn gbé àmì sí apá ọ̀tún, ó sì fò padà sí apá òsì. Nígbà tí ó bá ṣí sílẹ̀, Windows yóò máa to gbogbo àmì ní ọwọ̀ọ̀wọ́, láti igun òkè lápá òsì wá sísàlẹ̀, kò sì ní gbà kí àlàfo kankan wà láàárín wọn. Ẹ lè pààrọ̀ ipò àmì méjì, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí ẹ bá wá pa àmì kan rẹ́ láàárín, gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e yóò sún sókè, ọwọ́ tí ó ti mọ ibi tí Word wà yóò sì tẹ nǹkan mìíràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí máàkì náà kúrò níwájú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yìí ló la ọ̀nà fún gbogbo ohun tó kù.

Ní ti Align icons to grid, ẹ fi máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Ńṣe ló dà bí ebè tí àgbẹ̀ kọ kí ó tó gbin iṣu: ẹ lè gbé àmì síbi tó wù yín, ṣùgbọ́n orí ebè tó sún mọ́ ọn jù ni yóò bọ́ sí, kí ìlà wọn lè gún, kí ọ̀kan má sì gun orí èkejì. Àwọn kan máa ń yọ òun náà kúrò nítorí kí wọ́n lè to àmì yí àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ká. Èmi kò gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ iṣẹ́, nítorí pé orúkọ abẹ́ àwọn àmì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara wọn.

Show desktop icons kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó fi gbogbo àmì hàn tàbí kí ó fi wọ́n pamọ́. Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan tí ojú kọ̀ǹpútà yín ṣófo gbáú, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó pariwo pé wọ́n ti jí fáìlì yín.

Ní ti bí àmì ṣe tóbi tó, ó yá jù kí ẹ di Ctrl mú kí ẹ sì yí kẹ̀kẹ́ àárín máòsì. Ctrl, Shift àti 3 yóò mú un wá sí ìwọ̀n àárín, 2 yóò mú un tóbi, 4 yóò sì mú un kéré. Kí ẹ yan ìwọ̀n kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àmì kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, nítorí pé bí ìwọ̀n bá yí padà, ebè náà yí padà nìyẹn, ipò àwọn àmì sì lè bá a yí. Fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ẹ fún un ní àmì ńlá díẹ̀ dípò kéékèèké tí ó pọ̀.

Pínpín ojú kọ̀ǹpútà sí àgbègbè

Nísinsìnyí tí àmì ti gbà láti dúró, ibo ni a ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí? Mo máa ń jẹ́ kí bí iṣẹ́ ṣe ń rìn pinnu rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, iṣẹ́ ń wọlé, a ń ṣe é, a ń tẹ̀ ẹ́ jáde, a sì ń fi í pamọ́. Nítorí náà, apá òsì pátápátá ni mo fi àwọn àmì áàpù sí, ọwọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí a ń lò jù lókè: Word, CorelDRAW, Excel, bíráúsà. Àárín lókè ni fódà tí mo pè ní «Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé», níbi tí ohun tí a gbà láti orí fílásì tàbí WhatsApp ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Apá ọ̀tún lókè ni fódà «À ń ṣe é lọ́wọ́», ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an sì ni «Ó ti tán, ẹ tẹ̀ ẹ́». Láti ọjọ́ tí fódà kẹta yìí ti wà, kò sí ẹni tí ó tún tẹ fáìlì tí kò tíì gba àtúnṣe jáde, nítorí pé òfin wa ni pé inú fódà yẹn nìkan ni a ti ń tẹ̀wé. Bí oníbàárà bá ti sanwó, fódà iṣẹ́ rẹ̀ yóò kúrò lójú kọ̀ǹpútà, yóò sì lọ sí Documents.

Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù náà lè ronú bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ lè fi kíláàsì pín in, òsì fún JSS, ọ̀tún fún SSS. Akọ̀wé ìjọ lè ya apá kan sọ́tọ̀ fún ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀, kí ó sì ya èkejì sọ́tọ̀ fún ìṣirò owó. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti ìdílé, ẹ lè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní igun kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sàn kí olúkúlùkù ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, kí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè dá yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí Recycle Bin jìnnà sí ibi tí ọwọ́ yín ti ń gbé fáìlì kiri. Bí ẹ bá fi máòsì fa fáìlì kọjá lórí rẹ̀ tí ìka sì yọ̀, inú rẹ̀ ni fáìlì náà yóò bọ́ sí. Igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni èmi máa ń gbé tèmi sí. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe to fódà mọ́ ara wọn jù, nítorí pé fáìlì tí ẹ fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà lè wọ inú rẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, Ctrl àti Z yóò yọ ọ́ jáde.

Láti gbé ọ̀pọ̀ àmì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tẹ ibi tí ó ṣófo, ẹ má sì ju bọ́tìnì máòsì sílẹ̀ títí tí àpótí tí ó ń fẹ̀ náà yóò fi bo gbogbo wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ di ọ̀kan nínú wọn mú kí ẹ sì fà á lọ. Gbogbo wọn yóò tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn mìíràn tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ náà mọ àgbègbè kọ̀ọ̀kan, ẹ lè kọ ọ́ sára àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ sí Settings, System, Display, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú Display resolution; lórí ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́, 1366 × 768 ni, 1920 × 1080 sì ni lórí ọ̀pọ̀ tuntun. Ẹ ṣí Paint, kí ẹ fi Resize sọ ìwé inú rẹ̀ di ìwọ̀n náà ní píkísẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ máàkì níwájú Maintain aspect ratio. Ẹ kun ún ní àwọ̀ tí kò tàn jù, ẹ fa ìlà pín in, ẹ kọ orúkọ àgbègbè kọ̀ọ̀kan sókè rẹ̀, kí ẹ sì fi í pamọ́. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, kí ẹ sì yan Set as desktop background. Ọmọ-iṣẹ́ tuntun kò ní bi yín léèrè mọ́ níbi tí yóò kó iṣẹ́ sí.

Orúkọ tí ẹ fún fáìlì

Orúkọ tó dára ni ó ń jẹ́ kí ojú gbà pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ tẹ àmì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ F2, kí ẹ sì kọ orúkọ tuntun. Windows kò gba àwọn àmì wọ̀nyí nínú orúkọ: \ / : * ? " < > |. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé ṣe láti fi ìlà dídagun kọ ọjọ́. Ẹ kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn, fún àpẹẹrẹ 2026-03-14, kí àwọn fáìlì lè tò tẹ̀léra nígbà tí ẹ bá tò wọ́n ní orúkọ nínú fódà. Windows máa ń ka nọ́ńbà bí ènìyàn ṣe ń kà á, tí 2 fi ń ṣáájú 10. Ẹ sì lè fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kọ orúkọ láìsí wàhálà. Ó dùn mọ́ mi láti rí «Ìwé ètò ìsìn» tí a kọ dáadáa dípò «iwe eto isin 2 final final».

Sort by wà nínú mẹ́nù ibi tí ẹ ti rí View. Ó dára nínú fódà, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà tí ẹ ti tò tán, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Yóò kó gbogbo àmì padà sí apá òsì ní ìlànà orúkọ, ìwọ̀n, irú tàbí ọjọ́, Ctrl àti Z kò sì lè dá ipò wọn padà.

Dídá àbùjá sílẹ̀ àti pípààrọ̀ àwòrán rẹ̀

Fáìlì tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́ kò ní láti máa gbé lójú kọ̀ǹpútà. Inú Documents ni kí ó wà, kí àbùjá rẹ̀ sì wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí fódà tí fáìlì náà wà, ẹ di Alt mú, kí ẹ sì fà á wá sójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ràn kí ẹ rí ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì fà á. Nígbà tí ẹ bá ju bọ́tìnì náà sílẹ̀, Windows yóò béèrè bóyá ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, gbé e wá, tàbí dá àbùjá sílẹ̀, ẹ ó sì yan Create shortcuts here.

Bí àbùjá tàbí fódà bá pọ̀ tí gbogbo wọn sì jọra, ẹ pààrọ̀ àwòrán wọn. Fún àbùjá, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Properties, lẹ́yìn náà Change Icon. Fún fódà, abẹ́ Customize nínú Properties ni Change Icon wà.

Àwọn àmì tí Windows fúnra rẹ̀ ní ni ẹ ó rí ní Settings, Personalization, Themes, Desktop icon settings. Ẹ fi máàkì síwájú àwọn tí ẹ fẹ́, tí Computer jẹ́ orúkọ tí wọ́n fún This PC níbẹ̀, kí ẹ sì yọ máàkì níwájú Allow themes to change desktop icons, kí àwòrán wọn má baà yí padà nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí àmì bá tú ká

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó tan ẹ̀rọ tí ẹ ó sì bá àmì ní ìdàrúdàpọ̀. Ohun tó ń fà á jù ni kí ìwọ̀n skírínì yí padà. Bí ẹ bá so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ pùrójẹ́kítọ̀ ní ilé ìjọsìn tàbí ní kíláàsì, Windows lè dín ìwọ̀n skírínì kù kí ó lè bá pùrójẹ́kítọ̀ náà mu, àwọn àmì tí kò bá rí àyè yóò sì sún wọlé. Nígbà tí ẹ bá yọ okùn náà, ìwọ̀n lè padà sípò, ṣùgbọ́n àwọn àmì lè má padà. Bí ẹ bá ti so ó, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti P, kí ẹ sì yan Extend dípò Duplicate, nítorí pé Extend ń jẹ́ kí skírínì yín àti pùrójẹ́kítọ̀ ní ìwọ̀n tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Iná tó ń lọ lójijì tún jẹ́ ìdí mìíràn. Nígbà tí a bá pa kọ̀ǹpútà dáadáa ni Windows máa ń kọ ipò àwọn àmì sílẹ̀. Bí ẹ bá lo wákàtí kan láti to ojú kọ̀ǹpútà tábìlì tí kò ní UPS, ẹ̀rọ tí ń gbé iná fún kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀, tí wọ́n sì mú iná lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ gba Start lọ, kí ẹ yan Restart, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn.

Bí àmì bá pòórá pátápátá, tí Show desktop icons sì ní máàkì níwájú, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wá Windows Explorer nínú àkójọ tó bá jáde, kí ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Restart. Bí kò bá tún sí, ẹ wo inú fódà OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá gbà kí OneDrive máa ṣe ẹ̀dà ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbà kí fódà Desktop kó lọ sínú OneDrive, bí ó bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, fáìlì lè wà níbẹ̀ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Ẹ kó wọn padà.

Fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń wọ pùrójẹ́kítọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DesktopOK, tí Nenad Hrg ṣe. Kò gba àyè, kò sì nílò kí a gbé e wọlé sínú Windows kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí i nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà bá wà bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, ẹ tẹ Save, yóò sì kọ ipò gbogbo àmì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú ká, ẹ yan èyí tí ẹ fi pamọ́, kí ẹ sì tẹ Restore.

Bí ẹ kò bá fẹ́ gbé áàpù mìíràn wá, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti Print Screen pọ̀. Windows yóò ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, yóò sì fi í sínú Pictures, nínú fódà Screenshots. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ lè máa wò ó, kí ó sì dá àmì tó bá kúrò padà sí ipò rẹ̀.